Igun Tí Ó Ṣófo Nínú Pálọ̀

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá sí ojú ìwé yìí lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ lójú ẹni tí kò tíì di onílé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ní ilé tirẹ̀ mọ̀ pé ó ti mú kí ọ̀pọ̀ ọkọ àti aya fa ojú ro sí ara wọn ju ọjọ́ kan lọ. Ọ̀rọ̀ náà ni ti igun kan tí ó máa ń ṣófo nínú pálọ̀. Igun náà kò gba àga ńlá. Àga kékeré sì dà bí ọmọ òrukàn nínú rẹ̀. Bí a bá fi í sílẹ̀ lásán, ó dà bí ẹnu tí eyín iwájú rẹ̀ ti yọ. Bí a bá sì gbé ohun kan sí i, ohun náà a máa dí ẹnu ọ̀nà, tàbí kí ó bo fèrèsé.

Ẹ wo ilé yín yíká, ẹ ó rí i. Ní ilé kan, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ó wà. Ní ilé mìíràn, abẹ́ àtẹ̀gùn ni. Ní ilé ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni. Nítorí pé kò ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe, gbogbo ohun tí kò ní ibùgbé a máa wá ibùgbé síbẹ̀: agboòrùn tí ọ̀pá rẹ̀ ti dá, bàtà ọmọdé tí ẹ̀kejì rẹ̀ ti sọnù, kẹ́ẹ̀gì epo jẹnẹrétọ̀, àti àpò gààrì tí a ní kí ó sinmi díẹ̀ níbẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ìrọ̀lẹ́ náà a sì di oṣù mẹ́ta. Nígbà tí àlejò bá kan ilẹ̀kùn, ìyá ilé a sáré fi aṣọ bo òkìtì náà, gbogbo wa a sì máa ṣe bí ẹni pé a kò rí i.

Igun yìí kò ṣàdédé ṣófo. Ní ayé àwọn baba ńlá wa, igun tí ó tutù jù lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni a máa ń gbé àmù omi kalẹ̀ sí. Omi a máa sun jáde díẹ̀díẹ̀ ní ara amọ̀ náà, afẹ́fẹ́ a máa gbẹ ẹ́, èyí tí ó kù nínú àmù a sì tutù nini. Ẹni tí ó ti oko dé, ibẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ yà sí kí ó tó wá ibi tí yóò jókòó. A kò gbọ́ pé tọkọtaya jà lórí ohun tí wọn yóò gbé sí igun náà, nítorí òùngbẹ àwọn ará ilé ti bá wọn yàn án.

Láàárín ọdún 1800 sí 1900 ni àwọn Àgùdà padà láti Brazil wá sí Èkó. Àwọn bíríkìlà àti káfíńtà tí ó mọ iṣẹ́ dájú wà láàárín wọn, irú ilé tí wọ́n ń kọ́ sì tàn dé àwọn ìlú wa gbogbo: ilé tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gba àárín rẹ̀ kọjá, tí yàrá sì wà ní ọ̀tún àti ní òsì. Pálọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà tí ó lọ sí ìta, ó ní èyí tí ó lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ní fèrèsé tirẹ̀. Ògiri tí ilẹ̀kùn àti fèrèsé bá ti gé sí wẹ́wẹ́ kì í ní ibi gbọọrọ tí a lè to àga sí. Igun ni ó máa ń ṣẹ́ kù fún onílé.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀rọ wọlé dé. Ní ọdún 1935, ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ orí wáyà bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ pálọ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Amóhùnmáwòrán ti ìgbà náà ní ẹ̀yìn gígùn, igun ilé ni ó sì bá ẹ̀yìn rẹ̀ mu jù lọ; nítorí náà igun di ìjókòó ọba, gbogbo àga pálọ̀ sì kọjú sí i. Lónìí, amóhùnmáwòrán ti di pẹlẹbẹ, a ti gbé e kọ́ sí ara ògiri. Ọba ti ṣí kúrò, àwọn ìjòyè sì wà níbẹ̀ tí wọ́n kọjú sí ààfin tí ó ṣófo. Ǹjẹ́ ta ni kí a fi jẹ oyè níbẹ̀?

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe bí ẹni tí ó ti gbọ́n tẹ́lẹ̀ ni a fi ń sọ ọ́. Irú igun bẹ́ẹ̀ wà ní ilé tiwa, ó sì ti kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ tí ó dùn wá kí ó tó ṣe wá láǹfààní. Ó wà láàárín ẹnu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti fèrèsé tí ó kọjú sí ìlà-oòrùn. Ògiri apá kan rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4, ti apá kejì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ààbọ̀. Ìyá àwọn ọmọ wa fẹ́ kí a kan kọ́bọ́ọ̀dù onídígí síbẹ̀, kí àwọn àwo tanganran tí wọ́n fi ta wá lọ́rẹ ní ọjọ́ ìgbéyàwó wa lè jáde kúrò nínú páálí tí ó wà lábẹ́ ibùsùn. Àwa fẹ́ pẹpẹ ìwé tí yóò ga dé àjà. Bí a bá ní kí a sọ òtítọ́, òun fẹ́ kí àlejò mọ̀ pé a ṣe ìgbéyàwó tí ó lọ́lá, àwa sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé a kàwé. A bá ara wa fa ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nínú gbogbo àríyànjiyàn náà kò sì sí ẹni tí ó dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú ilé wa. Àlejò nìkan ni à ń dárúkọ.

Ní àkókò náà, ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí ìyá tí ó bí wa ti wà lọ́dọ̀ wa. Oníṣègùn ni ó bá a tún ojú rẹ̀ ṣe, a sì ní kí ó má tíì padà sí ilé. Àga líle kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná, èyí tí a máa ń gbé agbọ̀n ọjà lé lórí. Ibẹ̀ ni ìyá wa ń jókòó láti òwúrọ̀ di alẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, a ó ní, “Ìyá fẹ́ràn ibẹ̀ ni, atẹ́gùn ń fẹ́ sí wọn.” Bí a bá péjọ sí pálọ̀ fún àdúrà òwúrọ̀, láti ẹ̀yìn òpó ilẹ̀kùn ni ohùn rẹ̀ ti ń gbé orin. Inú wa a máa dùn sí ohùn náà, nítorí ó ṣì dùn gbọ́. Ṣùgbọ́n a kò béèrè lọ́wọ́ ara wa rí ìdí tí ó fi ń ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wá.

Ní ọjọ́ tí káfíńtà wá láti wọn igun náà, ọmọ wa tí ó kéré jù, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, dúró tì í, ó ń wo téèpù rẹ̀. Ó yí padà sí wa, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kí wọ́n ṣe àga tí kì í gbé ènìyàn mì.”

A rẹ́rìn-ín, a ní, “Àga wo ni ó ń gbé ènìyàn mì?”

Ó nawọ́ sí àwọn àga pálọ̀ wa. “Àwọn wọ̀nyí ni. Wọ́n gbé Ìyá àgbà mì ní ọjọ́ tí ẹ kò sí nílé. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ni a fà wọ́n jáde. Ìyá àgbà ní kí a má ṣe sọ fún yín.”

Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu wa. Káfíńtà ká téèpù rẹ̀, ó sì ń wo ilẹ̀. Àwọn àgbà ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà, ọmọdé nìkan ni ó gbọ́n nínú ilé wa.

A tọ ìyá wa lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, a kúnlẹ̀ tì í, a sì béèrè bí ọ̀rọ̀ ti rí. Ó kọ́kọ́ bá ọmọ náà wí pé ẹnu rẹ̀ kò lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni ó wí pé, “Ẹ má jẹ́ kí ó dùn yín, ẹ̀yin ọmọ mi. Àga àlejò ni wọ́n, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí sì dára fún mi.” Àga àlejò! Obìnrin tí ó ta ẹ̀kọ ní ọdún méjìlá kí a lè jókòó sí àga ilé ẹ̀kọ́, kò ní àga tí ó lè pè ní tirẹ̀ nínú ilé wa. Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Àwa rò pé a ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí a ń fún un ní oúnjẹ àti oògùn. A kò mọ̀ pé ibùjókòó wà lára rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ìyá àwọn ọmọ wa ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Baálé mi, àwọn àwo yẹn ti wà lábẹ́ ibùsùn fún ọdún 11. Bí wọ́n bá tún pẹ́ díẹ̀ sí i níbẹ̀, wọn kò ní kú.” Àwa náà kò sì dárúkọ pẹpẹ ìwé mọ́.

Nígbà tí káfíńtà padà dé, kì í ṣe igun ni ó wọ̀n, ìyá wa ni ó wọ̀n. Ó mú un jókòó sórí àpótí, ó ń fi pákó pẹlẹbẹ lé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fi tẹ́ sílẹ̀ dáadáa, tí eékún rẹ̀ àti ìbàdí rẹ̀ sì wà ní ọgbọọgba. Ìwọ̀n tí a rí jẹ́ íńṣì 18 láti ilẹ̀. A wá wọn àga pálọ̀ wa: nígbà tí ènìyàn bá jókòó sí i tí fóòmù rẹ̀ sì rì, íńṣì 12 péré ni ó ń kù. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ ti ń dùn ún, tí ó jókòó sí irú ibẹ̀, eékún rẹ̀ ga ju ìbàdí rẹ̀ lọ, kò sì ní ohun líle tí ó lè fi ọwọ́ tì láti dìde. Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ.

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí a ti ṣe àga náà, nítorí ó lè wúlò fún ẹlòmíràn tí ó ní òbí àgbàlagbà nínú ilé. Láti iwájú ìjókòó dé ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ íńṣì 17, kí ẹ̀yìn àgbà lè kan ẹ̀yìn àga láìjẹ́ pé etí ìjókòó ń gé e lẹ́yìn orúnkún. Apá àga ga ju ìjókòó lọ ní íńṣì 8, ó sì gùn wá dé etí iwájú, nítorí iwájú ni ọwọ́ ń wá nígbà tí ènìyàn bá fẹ́ dìde. A kò fi pákó dí abẹ́ iwájú rẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá fẹ́ dìde gbọ́dọ̀ lè fa gìgísẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn sábẹ́ ara rẹ̀. Tìmùtìmù rẹ̀ kò nípọn ju íńṣì 2 lọ, fóòmù rẹ̀ sì le. Aṣọ òwú ni a fi bò ó. Rọ́bà a máa lẹ̀ mọ́ ara nígbà ooru.

Ní ti igi, káfíńtà ní bí a bá fẹ́ èyí tí kò wọ́n, arère wà nílẹ̀. Arère fúyẹ́, ó rọrùn láti gé, ṣùgbọ́n oúnjẹ àdídùn ni fún ikán. Ìrókò àti apá ni ikán kì í tètè borí. A yan ìrókò, kì í sì ṣe nítorí ikán nìkan: àga tí ó fúyẹ́ a máa sún sẹ́yìn nígbà tí àgbà bá fi ọwọ́ tì í, ibẹ̀ ni ìṣubú sì ti ń wá. Àga tí ó wúwo a máa dúró de ẹni tí ó ni í.

A gbé àga náà sí igun, a sì kọjú rẹ̀ sí amóhùnmáwòrán, nítorí a rò pé ohun tí ó wù wá ni yóò wu ìyá. Ó jókòó níbẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta láìsọ nǹkan kan. Ní ọjọ́ kẹrin ó ní, “Ǹjẹ́ ẹ lè bá mi yí i díẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà? Àwọn tí ó wà nínú ẹ̀rọ yìí kò mọ̀ mí. Ẹni tí ó ń wọlé ni mo fẹ́ rí, níwọ̀n ìgbà tí ojú mi ti là.” A yí i. Láti ọjọ́ náà ni ìyá wa ti di ẹni àkọ́kọ́ tí ó ń kí ẹni tí ó bá wọ ilé wa. Ó mọ orúkọ ẹni tí ń ta búrẹ́dì àti orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn ọmọ wa ń ka ìwé wọn sókè lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Kò lè mọ̀ bí wọ́n bá ṣi ọ̀rọ̀ kà, ṣùgbọ́n ó máa ń mọ̀ bí wọ́n bá fo ojú ewé kan. Ní àkókò àdúrà, ohùn rẹ̀ ń ti àárín wa wá. Síbẹ̀, nígbà mìíràn tí a bá wo òpó ilẹ̀kùn náà, a máa ń rántí oṣù mẹ́jọ tí kò lè padà wá mọ́.

Ẹ̀yin olùkàwé wa, ohun tí a rí kọ́ nìyí: kí a tó béèrè pé kí ni kí a gbé sí igun tí ó ṣófo, ó yẹ kí a béèrè pé ta ni kò ní ibùjókòó nínú ilé yìí. Ìdáhùn sí ìbéèrè kejì a máa dáhùn ti èkíní. Ṣùgbọ́n nítorí pé ilé kò dọ́gba, ẹ jẹ́ kí a fi ìmọ̀ràn díẹ̀ kún un.

Èkíní, ẹ kó gbogbo ẹrù kúrò nínú igun náà, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ kíyè sí àkókò tí oòrùn ń wọ ibẹ̀, nítorí oòrùn a máa ṣá aṣọ àga, a sì máa sán pákó. Ẹ wò ó bóyá òjò ń fẹ́ wọ ojú fèrèsé náà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ wo ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yà síbẹ̀. Bí ọmọ kan bá ń lọ jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ lójoojúmọ́ láti ka ìwé, ọmọ náà ti sọ ohun tí igun náà ń fẹ́ fún yín.

Èkejì, ẹ ka àwọn ará ilé yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì sọ ibi tí olúkúlùkù ń jókòó sí. Ẹ má ṣe fo ẹnikẹ́ni. Ọmọ tí ó ń fi ibùsùn ṣe tábìlì, tábìlì kékeré ni igun náà yẹ kí ó jẹ́ fún un. Bí ó bá ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ̀wé, ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé máa ti ọwọ́ òsì rẹ̀ wá, kí òjìji ọwọ́ rẹ̀ má baà bo ìwé. Ìyá tí ó ń fún ọmọ lọ́mú nílò àga tí ó ní apá àti àpótí ìtìsẹ̀. Ọmọ tí a gbà tọ́, tí ó ń sìn wá láti òwúrọ̀, tí ó sì máa ń dúró nígbà tí gbogbo ilé bá jókòó, òun pẹ̀lú ní orúnkún. Bí ilé bá wà tí àga pọ̀ ju ènìyàn inú rẹ̀ lọ, tí ẹnì kan sì ń dúró, kì í ṣe igun ni ó ṣófo níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe fi ojú wọn nǹkan. Ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ sílẹ̀ ní ìwọ̀n ohun tí ẹ fẹ́ gbé síbẹ̀, kí ẹ sì máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ gbé àwo oúnjẹ kọjá. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn dé òpin. Ẹ kọjá níbẹ̀ ní alẹ́ nígbà tí iná bá lọ. Ọ̀nà tí ènìyàn yóò gbà yẹ kí ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 3. Bí ẹsẹ̀ yín bá ń tẹ ìwé ìròyìn náà, àga tí ẹ ń gbèrò yóò gbá yín ní eékún. Kí ẹ tó san owó, ẹ wọn ẹnu ọ̀nà ilé yín pẹ̀lú. A ti rí kọ́bọ́ọ̀dù tí ó sun ojúde ní ọjọ́ mẹ́rin nítorí pé ilẹ̀kùn kò gbà á wọlé.

Ẹ̀kẹrin, ẹ ro ti ewu. Ohun gíga tí ó dúró sí ara ògiri, ì báà jẹ́ pẹpẹ tàbí kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ jẹ́ kí káfíńtà dè é mọ́ ògiri gírígírí, nítorí ọmọ kékeré a máa gun ohun gbogbo bí àtẹ̀gùn, ohun náà a sì wó lù ú. Ẹ fi àyè ìka méjì sílẹ̀ láàárín pákó àti ògiri, kí ọ̀rinrin má baà bà á jẹ́, kí ẹ sì lè rí ọ̀nà ikán ní kùtùkùtù. Ẹ má ṣe gba wáyà iná kọjá lábẹ́ ẹní. Ẹni tí ó bá fẹ́ òdòdó níbẹ̀, ó dára. Ṣùgbọ́n kí ó máa da omi tí ó bá dúró nínú àwo abẹ́ ìkòkò rẹ̀ nù, nítorí inú irú omi bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀fọn ń yé sí.

Ẹ̀karùn-ún ni ti àpò. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ má ṣe jẹ gbèsè nítorí igun. Ẹni tí ó fi owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ra kọ́bọ́ọ̀dù onídígí yóò máa rí ojú ara rẹ̀ nínú dígí náà lójoojúmọ́, kò sì ní dùn mọ́ ọn. Kí ẹ tó lọ sí ọjà, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ó wà nílé. Àpótí aṣọ ìyá àgbà tí ó wà nínú yàrá ẹrù, bí a bá nù ún, tí a fi fáníìṣì pa á, tí a sì tẹ́ tìmùtìmù lé e, ó di ìjókòó fún ọmọ méjì, a sì lè kó aṣọ ìbora sínú rẹ̀.

Bí ẹ bá sì ti ka gbogbo ará ilé, tí olúkúlùkù ní ibi tirẹ̀, tí kò sí ohun tí ẹ nílò níbẹ̀, ẹ fi igun náà sílẹ̀ kí ó ṣófo. Kò sí òfin tí ó ní kí a fi ẹrù kún gbogbo ilé. Atẹ́gùn yóò gba ibẹ̀ kọjá, ọmọdé yóò ṣeré níbẹ̀, ní ọjọ́ tí ìdílé bá sì péjọ, ibẹ̀ ni a ó gbé àga tí a yá ní ilé aládùúgbò sí. Igun tí a gbá mọ́, tí a kò sì gbé nǹkan sí, kì í ṣe ìtìjú fún onílé.

Àwọn baba ńlá wa gbé àmù sí igun nítorí wọ́n mọ ẹni tí òùngbẹ yóò gbẹ. A ti jìnnà sí àmù lónìí, ṣùgbọ́n òùngbẹ kò tíì kúrò nínú ilé. Ó kàn máa ń dákẹ́ ni, pàápàá lára àwọn àgbà tí kò fẹ́ yọ ọmọ wọn lẹ́nu. Ní ìrọ̀lẹ́ òní, nígbà tí gbogbo ilé bá jókòó, ẹ dákẹ́ díẹ̀, kí ẹ sì fi etí sílẹ̀ bóyá ohùn kan wà tí ó ń ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wá. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ má ṣe dúró de ọmọ ọdún mẹ́fà kí ó tó sọ fún yín.